Bàbá Rẹ Ti Gbé Jige Kúrò Lájà

Gi-tae, ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé òtútù Seoul ò mú ọ jù, ṣé o sì ń jẹun kánú? Ẹ̀fọ́ kimchi tí mo fi ránṣẹ́, má jẹ́ kó kan jù o. N kò ní sunkún ọmọ, wàá pẹ́ fún mi. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí yìnyín bá fẹ́ bọ́.

Ọmọ mi, orí mi wú! Gbogbo abúlé la wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Wonju, a lọ wo fíìmù ogun yín tí wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá ti wò. Mo gbé àkàrà ìrẹsì apẹ̀rẹ̀ kan dání, nítorí ẹni tó bá wá wo ọmọ ẹni, àlejò ẹni ni. Mo ń pín in kiri nínú òkùnkùn, ọmọbìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní kí n jókòó, mo ní èmi ni ìyá Gi-tae, òun náà bá mú méjì.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti ní eré lo fẹ́ máa ṣe, bàbá rẹ ò dárúkọ rẹ mọ́ nínú ilé yìí. Ó ní ọmọ tí kò fẹ́ gbé ẹrù oko, kó lọ máa gbé ti ìlú. Ó ní torí pé bọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lòun ṣe tẹ̀lé wa. Ìbọn ń dún gbàù gbàù, mo ti fi aṣọ bojú, ni àwọn tó ń ru ọta ìbọn bá ń gun òkè, jige onígi tí a fi ń pọn ẹrù oko wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀yìn wọn nìkan là ń rí. Ẹnìkan fi ọ̀pá tilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì dìde. Bàbá rẹ bá fò sókè, ó ní ọmọ òun nìyẹn, òun lòun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé jige dìde! Kò tíì rí ojú rẹ o! Àfi bí ìbọn ṣe bà ọ́. Ó pariwo pé kí o sọ ẹrù nù, kí o sá, o ò gbọ́. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń sunkún, àwọn tí a ò mọ̀ rí ń bọ bàbá rẹ lọ́wọ́. Ìgbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, tí o ní núdù lò ń jẹ, ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Baálẹ̀ ti ta aṣọ gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà abúlé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Gi-tae ọmọ Sang-pil kú dáadáa lójú mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn. Ẹ gbà mí! Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé o wà láàyè.

Jọ̀wọ́, fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Bàbá rẹ fẹ́ lọ wò ó ní Chuncheon, ó ní bóyá níbẹ̀ wàá gbọ́ tòun, wàá sá. Ó ti gbé jige kúrò lájà, ó ń hun okùn tuntun sí i. Ó ní okùn èjìká tí wọ́n so fún ọ ò dáa, okùn yẹn ló pa ọ́, kí Gi-tae wá sílé lọ́dún Seollal kí òun fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn án.

Gi-tae ni bàbá rẹ pè ọ́ o. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹrù tí o bá gbé kò ní wó ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ok-bun