Àwọn Arúgbó Orí Pẹpẹ Ìsàlẹ̀

Ọdún márùn-ún rèé, Àǹtí mi. Ọdún márùn-ún tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, àga yín ṣì wà níbi tí ẹ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amútutù ní yàrá ìwádìí. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Mo ti wá mọ ìdí tí ẹ fi gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí nìyẹn.

Ọmọ yín ti pé mẹ́jọ. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, òmíràn sì ti ń yọ. Ẹ̀rín yín gan-an ló ń rín! Ọkọ yín ti kan òrùlé ilé náà tán, fèrèsé yàrá yín sì kọjú sí ìlà-oòrùn bí ẹ ṣe fẹ́. Màmá ṣì máa ń bu oúnjẹ yín, á wá rántí, á dá a padà sínú ìkòkò.

Ẹ rántí bí Màmá ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ̀yin á ní àwọn arúgbó yín ń retí yín níbi iṣẹ́. Màmá á ní, "Arúgbó tó bí ẹ wà níbí, kò tíì jẹun, aràn lo ń sáré lọ tọ́jú!" Aràn ni wọ́n lóòótọ́, mẹ́rin wọn tò tẹ̀lé ara kò gùn tó hóró ìrẹsì kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò láyé, ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n nìyẹn: ẹ lè rí ìbí, ogbó àti ikú wọn kí oṣù tó parí. Ẹ sọ fún mi pé púpọ̀ nínú jíìnì wọn, àkọsílẹ̀ kékeré tí òbí ń fi sínú ara ọmọ, wà nínú tiwa náà. Ẹ yí ẹyọ kan padà. Aràn tó yẹ kó lo ogún ọjọ́ lo ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Orin lẹ kọ wọlé lọ́jọ́ yẹn!

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn mìíràn dán an wò, wọn ò rí ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Aràn díẹ̀ ni wọ́n lò, ìyàtọ̀ kékeré tí wọ́n rí kò jọ wọ́n lójú. Ọ̀gá yín ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà tì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ẹ kàn hùmọ̀ àwọn iye yẹn ni. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè purọ́ ọjọ́ orí yín pàápàá! Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá. Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o máa ń tú gbogbo àlọ́, ṣé ọmọ mi purọ́?" Mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo lọ bẹ ọ̀gá yín pé kó gbà mí sí yàrá yẹn.

Ọdún méjì ni mo fi ń ka ìwé àkọsílẹ̀ yín. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà tín-ín-rín kan aràn lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá mira, a kọ ọ́ pé ó ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ kàn yín ní ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀.

Àga yín ló wá sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo nawọ́ sínú ẹ̀rọ amútutù tí wọ́n ń kó àwọn aràn sí, pẹpẹ ìsàlẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi tó. Mo fi tẹmọ́mítà síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ fi dígírì márùn-ún tutù ju òkè lọ! Aràn tó bá wà nínú òtútù máa ń pẹ́ láyé. Àwọn tí ẹ ò yí jíìnì wọn padà, tí ẹ fi ń ṣe ìfiwéra, wà lókè, akẹ́kọ̀ọ́ yín ló ń bá yín kà wọ́n. Tiyín wà nísàlẹ̀, torí pé àìsàn ọkàn tó padà gbé yín lọ kò jẹ́ kí ẹ lè dúró lórí ẹsẹ̀ yín mọ́, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò purọ́, Àǹtí mi. Ó ti rẹ̀ yín ni.

Èmi tí ẹ ń pè ní Ọ̀gá Ìbéèrè! Mo máa ń wá jókòó tì yín níbẹ̀ nígbà náà, mi ò béèrè ìdí tí ẹ kì í fi í dìde mọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo tún un ṣe, gbogbo wọn lórí pẹpẹ kan náà, ọgọ́rùn-ún aràn lápá kan, ọgọ́rùn-ún lápá kejì. Àwọn yòókù lo ogún ọjọ́. Tiyín lo mẹ́rìnlélógún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìnlélógún! Kò tó iye tí ẹ rò, àmọ́ òótọ́ ni. Orúkọ yín ló máa ṣáájú nínú àpilẹ̀kọ tó ń bọ̀, tèmi á tẹ̀ lé e.

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Ó ní kí n tún un sọ. Ó sunkún díẹ̀, ó wá béèrè bí ọjọ́ mẹ́rin ṣe pọ̀ tó lójú aràn. Mo ní ìdá kan nínú márùn-ún ayé rẹ̀ ni. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ọdún márùndínlógójì lẹ lò. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ọdún méje. Ká ní ẹ rí i gbà ni, ẹ̀ bá ṣì wà nílé lónìí, ì bá sì ṣì ku ọdún méjì.

Àárò yín ń sọ wá, Àǹtí mi. Ó ń sọ wá gan-an! A fẹ́ràn yín títí di báyìí. Ọdún méjì péré náà, à bá gbà á.