Bọ́ọ̀lù Ọwọ́ Ọ̀tún, Ọmọ Ọlọ́wọ́ Òsì

Ìyá mi Àlájà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdúró ti agbọ̀n obì, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Èmi Múdàṣírù, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bùràímọ̀ àbúrò mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ìlà kankan o, kódà èyí tí kò bá dùn mọ́ yín nínú. Mo kí Sẹ́kínà ìyàwó mi, bó bá ti ti ẹnu iṣẹ́ dé láti Ìkẹ́nnẹ́. Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ṣa obì gbàǹja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo sì kí Ràlíátù, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo fi sí yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ Ràlíátù yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, tí mò ń rí ojú gbogbo yín, mo ní kó juwọ́ sí mi. Ọ̀tún ló fi juwọ́, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé omi tó kún àwo. Mo bi í pé òsì ńkọ́. Ó bojú wò yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fa ọwọ́ náà jáde lẹ́yìn rẹ̀, ni mo bá rí àkísà àǹkárá tí ẹ fi di ìka rẹ̀ pọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní oògùn tó ṣiṣẹ́ fún bàbá rẹ̀ ni, yóò ṣiṣẹ́ fún òun náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí n tó lanu.

Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ náà, Ìyá mi. Mi ò bú yín o, ta ni mo jẹ́? Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ tú aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ mi. Kí ẹ tó ní òyìnbó ti yí mi lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbí nítorí oògùn yín yẹn. Mo tilẹ̀ máa fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, torí ilé wa nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń di ọwọ́ òsì ọmọ.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Páálí ni mò ń gbé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilẹ̀ ibí sì ń tètè ṣú nígbà òtútù. Yìnyín á bo ọ̀nà, á bo mọ́tò, á bo igi. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni pé kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn. O lè gbé ilé kan títí kí o má mọ orúkọ ẹni tí ògiri rẹ̀ kan tìrẹ. Èmi tí mi ò lè ti Ẹ̀pẹ́ dé gáréèjì kí ẹnu mi má bó nítorí ìkíni! Kálọ́ọ̀sì, ará Mẹ́síkò tí a jọ ń gbé páálí, ló rí i pé mo ń rù, ló bá fà mí wọ ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá sílẹ̀ láti máa ṣe eré bólìn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi Bùràímọ̀ pé kí ni wọ́n ń pè ní bólìn. Bọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá. Ó le, ó wúwo ju ọmọ ọlọ yín lọ. Wọ́n máa ń lu ihò mẹ́ta sí i, ọ̀kan fún àtàǹpàkò, méjì fún ìka. Èèyàn á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi bọ́ọ̀lù náà yí gbirigbiri lórí pákó dídán, kó lè lọ wó igi mẹ́wàá tí wọ́n tò sí ìparí pákó. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, bàbá ọlọ́mọ tó ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń pariwo orúkọ mi ní ìlú yìí. Bí igi bá wó pátá, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á máa pe Múdà, Múdà, orí mi á wú.

Òsì ni mo fi ń jù ú. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà, òsì ló lọ gbé e. Ọwọ́ tí ẹ fi orógùn àmàlà lù tí eegun rẹ̀ fi wú, tí ẹ so mọ́ mi lẹ́yìn títí mo fi kọ́ láti fi ọ̀tún jẹun, tí mo fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé tí tíṣà ò rí kà, òun náà ló tún yọjú. Àṣé kò lọ síbì kankan látọjọ́ yìí.

Bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ń yá ara wọn kò bá ìka mi mu. Kálọ́ọ̀sì ní kí n lọ ra tèmi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ti ń wọn ọwọ́ oníbàárà bí télọ̀ ṣe ń wọn ara, kí wọ́n tó lu ihò sí bọ́ọ̀lù. Ìdíje ìparí ọdún ti ń bọ̀, orúkọ mi sì ti wà lára àwọn tí yóò jù fún ẹgbẹ́. Ni mo bá múra, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wá gbọ́ ìwàkiwà. Bàbá kan tí irun orí rẹ̀ funfun báláú ló ni ín. Mo wọlé, mo kí i, kò dáhùn. Mo ní bóyá etí rẹ̀ ti di, mo tún kí i. Ó kàn fi àgbọ̀n júwe ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Àwọn tó dé lẹ́yìn mi, ó ń dá wọn lóhùn, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀, ó ń lù wọ́n lẹ́jìká. Èmi dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ omi. Nígbà tó wá kàn mí, kò wojú mi, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn mú irin tó fi ń wọn ọwọ́, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n mú ọwọ́ wá.

Ìyá mi, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ọwọ́ wo ni ọmọ yín máa nà sí àgbàlagbà tó tó Bàbá mi, kí Ọlọ́run foríjì Bàbá mi? Ọ̀tún ni mo nà, mo tún tẹrí ba sí i. Òsì ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo rò pé wíwọ̀n ni wíwọ̀n, pé bí télọ̀ bá ti wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ó ti mọ èkejì. Ó wọ̀n ọ́n, ó lu ihò sí bọ́ọ̀lù, mo sanwó. Mo wá ní kó fi aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan ṣe èènì fún mi. Yéè! Ojú tó fi wò mí, ẹ ó rò pé mo wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àtàǹpàkò òsì mi wọ inú ihò náà, kò fẹ́ jáde mọ́. Ihò ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe ti òsì. Bí wọ́n ṣe dagun sí yàtọ̀, bí wọ́n ṣe jìnnà síra yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti jù ú ni mo tó mọ̀. Bọ́ọ̀lù fa ọwọ́ mi lọ, awọ àtàǹpàkò mi bó, bọ́ọ̀lù wá já gbì sórí pákó àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń ṣe eré tiwọn. Kò sẹ́ni tó pe Múdà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò lè di páálí mú, ọ̀gá bá ní kí n lọ jókòó sílé títí ọwọ́ á fi san. Mo sọ fún yín nígbà náà pé iṣẹ́ ló dá. Iṣẹ́ ò dá, ọwọ́ mi ni.

Mo gbé bọ́ọ̀lù padà lọ bá bàbá yẹn. Mo ṣàlàyé pẹ̀lú ìtẹríba pé òsì ni mo fi ń jù, kó jọ̀ọ́ bá mi tún un ṣe. Ó ní ṣé òun ló fà mí lọ́wọ́ ni, ọwọ́ tí mo fún òun ni òun wọ̀n. Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìrìn tí mo rìn jáde níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe rìn ín. Ohun tó dùn mí wọ eegun ni pé kò purọ́. Òótọ́ ni mo fún un ní ọ̀tún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ni mo fi ọ̀tún náà bù fún un?

Ẹ̀yin ni mo rántí lọ́jọ́ náà. Mo rántí Àlááji oníbàárà yín ní Sàbó tó gbé agbọ̀n obì padà wá, tó ní kòkòrò wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yan agbọ̀n náà o! Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní àga àti omi tútù, ẹ da obì náà sílẹ̀, ẹ jọ ṣà á, ẹ fi èyí tó dára rọ́pò. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹni tó gbé ẹjọ́ ọjà padà wá ṣì fẹ́ ra ọjà, ẹni tí kò padà wá mọ́ ni kí n bẹ̀rù. Ká ní bàbá yẹn jókòó ti agbọ̀n yín fún ọjọ́ kan péré!

Kálọ́ọ̀sì ló gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ní ìlú kejì. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ín, ó so awò ojú kọ́ ọrùn. Kí n tó pa ilẹ̀kùn dé, ó ti kí mi, ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù òtútù, kí n jókòó. Kò fọwọ́ kan irin kankan. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ jù ú kí òun rí i. Mo fi òsì jù ú lórí pákó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó mi orí. Ó wá na ọwọ́ pé kí n mú ọwọ́ wá.

Ìyá mi, ọ̀tún ni mo tún nà. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn! Kálọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin náà ò fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tó ju bọ́ọ̀lù ni òun ń wá. Mo wá gbé òsì fún un, mo ń wolẹ̀ bí ọmọdé tó jí ẹran. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbà á. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rántí àgbàlagbà tó fi ọwọ́ méjèèjì gba òsì mi. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ibi tó bó. Ó ní kó kọ́kọ́ jinná. Ó wá fi ìka kan àpá orógùn tó wà lẹ́yìn ọwọ́ mi, ó bi mí pé kí ló ṣe é.

Mo ní mo ṣubú ni. Irọ́ ni. Mi ò lè fi ìyá mi sùn fún àlejò.

Nígbà tí ọwọ́ mi san, ó ti da oje kan dí àwọn ihò àtijọ́ tó wà lára bọ́ọ̀lù mi, ó lu òmíràn tó bá òsì mi mu. Kí n tó jáde, ó ju aṣọ ìnuwọ́ kan sínú àpò mi, mi ò tọrọ rẹ̀. Èènì! Mo dúpẹ́ títí ó fi sú u. Ìdíje ti kọjá kí ọwọ́ mi tó san, ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi, kò sì sí ohun tó lè dá ìyẹn padà. Inú ṣì ń bí mi sí bàbá ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn nìkan kọ́ ló wọn ọwọ́ tí kò yẹ, Ìyá mi. Ẹ̀yin náà wọ̀n ọ́n. Ọ̀tún lẹ wọ̀n fún mi, ẹ ò bi mí pé èwo ni mo fi ń jù. Ẹ ti fẹ́ wọn ti Ràlíátù báyìí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo gbà. Kó fi ọ̀tún jẹun, kó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó fi ọ̀tún kí èèyàn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé kéwú náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bíròó, abẹ́rẹ́, ìgbálẹ̀, bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tí Ọlọ́run yàn fún un ṣe é. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ìka tí a fi àkísà dì, kí ni yóò wẹ̀?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, Ìyá mi. Ọjà yín kò ní kùtà, kòkòrò kò ní mọ ọ̀nà agbọ̀n yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí Àlááji ní Sàbó. Bùràímọ̀ á ti máa ráhùn pé ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, pé àfi bí ẹni pé adìẹ ló ta ilẹ̀. Kó má bínú, ẹ má bínú. Ẹ fún Ràlíátù ní lẹ́tà náà kó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn tí ẹ bá tú aṣọ yẹn. Ẹ sọ fún un pé òsì ni bàbá rẹ̀ fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

Èmi ni ọmọ yín,
Múdàṣírù