Ẹyin Awó Tútù Ìyá Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi ní Òkèhò yìí.

Ìyá ọkọ mi máa ń fọ́ ẹyin awó tútù sẹ́nu ọmọ mi, wọ́n ní ó ń fúnni lókun. Lóṣù tó kọjá, ọmọ bì, ó yàgbẹ́ gbuuru títí ojú rẹ̀ fi jìn. Nọ́ọ̀sì ní a ò gbọdọ̀ fún un ní ẹyin tútù mọ́. Ọkọ mi ní, "Òun náà ni wọ́n fi tọ́ mi."

Màmá tún ti gbé agbọ̀n ẹyin dé láti Ilua. Bí wọ́n ṣe wọ balùwẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, mo ń sè é. Wọ́n ti jáde báyìí, wọ́n ń pariwo, "Ọmọ mi dà? Kó wá mu ẹyin rẹ̀!"

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n wí?