Irin Rí I

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọbìnrin rẹ, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbàgbé ohùn mi. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Orúnkún bàbá àwọn ọmọ mi ti sàn, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò sinmi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí: mo ti fi iṣẹ́ irin sílẹ̀.

O mọ̀ pé àwọ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí irin bá jinná nínú iná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú mi rí i bí ọsàn tó pọ́n, mo sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí a ṣẹ́ ọ̀kan wò, inú rẹ̀ kò tíì jinná rárá. Irin bíréèkì ọkọ̀ ni o! A dá gbogbo rẹ̀ padà síná. Dókítà ojú ní kò sí awò tó lè dá àwọ̀ padà fún mi.

Ọ̀gá ìléru, tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tó sọ mí ní Ìyá Oníná, òun ló wá ń bẹ̀ mí.

"Ìyá Oníná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Yàtọ̀ sí àwa tá a wà níbí, kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe yẹn."

Mo ní, "Irin rí i."

Ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà nípò mi báyìí. Ẹ máa fi í sádùúrà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé iná lé ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, kí wọ́n má gbà. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọbẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.