Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè Nítorí Owó Orí

Olinka ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní pápákọ̀ òfurufú Anchorage kò tíì ba ẹ̀yìn rẹ jẹ́? Kí Ọlọ́run tó ń fi yìnyín bo odò, tó sì tún ń ṣí i, fi ọwọ́ rẹ̀ bò ọ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ṣe agídí bí ẹni tó ni ín. Ìjọba ò jẹ́ ká dẹ àwọ̀n bó ṣe wù wá lọ́dún yìí, ẹja ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi Evon pa ẹran ńlá kan, ó sì gé itan kan fún wa.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló mú kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti pọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ò gba owó orí mọ́, àwọn gan-an ló ń pín owó fún wa lọ́dọọdún. Wọ́n wá ní epo ò mówó wá bíi tàtijọ́, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí, kí kálukú sì sọ tẹnu rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo lọ sí ọ́fíìsì abúlé, mo kọ tèmi, àfi bí ẹ̀rọ náà ṣe ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni mí. Mo kọ orúkọ mi àti ti bàbá mi, kò gbà. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n mú èyí tó ní iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Olinka, ibo ni mo ti fẹ́ rí irú iná bẹ́ẹ̀ níhìn-ín tí kò sí títì? Mo mú èyí tó lẹ́wà jù. Ó ní rárá. Bí ìjọba ṣe sọ pé èmi kì í ṣe èèyàn nìyẹn.

Nígbà tí aṣòfin kan wá fi bàálù kékeré wá bá wa ṣèpàdé nílé ẹ̀kọ́, iwájú gan-an ni mo jókòó sí, kó lè fojú rí mi. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé ẹ̀kọ́ gbóná ti kú, kò sì sówó àtúnṣe, tẹ̀wù òtútù tẹ̀wù òtútù làwọn ọmọ fi ń kàwé. Ọkùnrin náà ò bọ́ tiẹ̀ náà. Ó ní bí owó orí bá padà dé, ohun tó bá ń wọlé fúnni ni wọn yóò yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo dìde, mo sọ òótọ́ gbogbo ohun tó wọlé fún wa: itan ẹran, ẹja gbígbẹ, epo ẹran omi tí àwọn èèyàn wa tó wà létíkun fi ránṣẹ́. Mo ní ṣùgbọ́n a ti yọ tìyá àgbà Marfa tí kò lọ́mọ nínú rẹ̀, a ti yọ ti alága ìjọ, nítorí náà owó orí ti jáde nílé wa kó tó dé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní, "Màmá, owó nìkan la máa ń kà." Mo ní ó dáa, bó bá máa tún ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe, kí wọ́n gbà á. Ó ní kí ẹni tó fara mọ́ ọn nawọ́, mo nawọ́. Bàbá rẹ ká ọwọ́ tiẹ̀ mọ́ àyà.

Kùrukùru ò jẹ́ kí bàálù gbéra, ọ̀dọ̀ wa ni aṣòfin náà sùn. Nídìí oúnjẹ ló ti sọ fún mi pé àwa tówó wa ò tó nǹkan lè má san kọ́bọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá, irú yín, ni yóò san án, yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń yọ. Ṣé ọwọ́ tí mo nà sókè, inú àpò ọmọ mi ló ń lọ? Mo bi í bóyá mo ṣì lè sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìbò, wọn ò tíì pinnu, òun alára ò tíì mọ ibi tí òun máa dúró sí. Bàbá rẹ ní òun ti mọ̀, ìdí tóun fi káwọ́ nìyẹn, pé owó ilé tí ò ń san ti pọ̀ jù. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní mo ti dìde kóun tó lanu.

Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Mo rántí pé o sọ lórí fóònù pé o ò fẹ́ owó orí yìí, mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àná ni mo gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá, ìka ọmọ àbúrò rẹ ti pọ́n, kò lè di bírò mú. Kọ̀wé sí mi. Bó o bá ní kí n lọ sọ fún wọn pé mo ti yí ọkàn padà, màá lọ, mi ò ní bínú. Bó o bá ní kí ọwọ́ náà wà níbẹ̀, màá mọ̀ pé ìwọ náà bá mi nà án.

Ọkọ̀ orí yìnyín bàbá rẹ nílò bẹ́líìtì tuntun, epo sì ti wọ́n ju wàrà lọ. Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, kó o sì tètè fi í ránṣẹ́ kí ìjọba tó yọ tiwọn.

Yìnyín ò ní là mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tó o bá dé, wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ kó o tó kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nastasia