Ìdí Tí Bàbá Rẹ Fi Kọ Ẹ̀yìn sí Kọ̀ǹpútà

Abúlé Ak-Tash

Ularbek ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Saikal ọmọ ọmọ mi tó ti di onírìn ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù Bishkek wọ̀ yín lára, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní rí ọ fín, iná ò sì ní lọ nílé yín nígbà tí ẹran kò tíì jinná. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ẹ̀yìn bàbá rẹ nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà sì ń bọ̀ níwájú. Màlúù dúdú ti bímọ, akọ ni. Ọ̀dùnkún ọdún yìí tóbi, mo fi àpò kan rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí o ka ọ̀dùnkún náà dáadáa nítorí awakọ̀ náà máa ń jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kunduz olùkọ́ ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi. O ní ṣé bàbá rẹ ń bínú ni tí kò fi yọjú lọ́jọ́ tí ẹ gé okùn ẹsẹ̀ Saikal kí ìrìn rẹ̀ lè yá, o ní ṣé nítorí pé o kò wá síbi wíwa ọ̀dùnkún ni. Ọmọ mi, jókòó, kí n ṣàlàyé.

Ṣé o rántí kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí wa, èyí tí ìdérí rẹ̀ kò lè dá dúró mọ́ látìgbà tí ewúrẹ́ ti tì í ṣubú lórí tábìlì? (A ti pa ewúrẹ́ náà jẹ, má wulẹ̀ bínú.) Òun ló kọ ọ̀rọ̀ kan síta fún wa lóṣù tó kọjá. Kunduz ní ohun tó wí ni pé bó bá di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, àwọn tó ṣe é kò ní ṣe àtìlẹ́yìn fún un mọ́, torí nọ́ńbà kẹwàá ni, ó ti gbó. Àyà mi já. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ dá fún okùn ẹsẹ̀ ọmọ, yìnyín sì ti dí ọ̀nà orí òkè pa. Níbo la ti fẹ́ rí i bó ṣe ń rìn bí kì í bá ṣe nínú ẹ̀rọ yìí?

Bàbá rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọjọ́ kẹrìnlá kò kan nọ́ńbà kẹwàá, nọ́ńbà kẹrìnlá ló kàn, fóònù Sheraly aládùúgbò wa sì ni yẹn, ṣebí ó ti ń fi mẹ́rìnlá rẹ̀ yangàn sí wa látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ló bá wọ fìlà, ó lọ bá Sheraly kẹ́dùn. Sheraly ní Tolomush, ṣé orí ẹ pé báyìí, mẹ́wàá ló ṣáájú mẹ́rìnlá, tìẹ ló máa kọ́kọ́ kú. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, mẹ́rìnlá ló dàgbà ju mẹ́wàá lọ, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n pariwo títí tíì inú ife wọn fi tutù. Ìyàwó Sheraly ní òun gbọ́ nínú rédíò pé ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fi ọdún kan kún un fún un. Bàbá rẹ bi í pé ta lèèyàn máa bẹ̀, obìnrin náà ní rédíò kò dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé, fóònù Sheraly kò kú. Bàbá rẹ wá ní ó dáa, bí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà wa kò bá tì í lẹ́yìn mọ́, àwa lọ́wọ́ tí a ó fi tì í. Ó kó ìrọ̀rí wa méjèèjì àti ẹní onírun àgùntàn tí mo gbé wọlé ọkọ, ó fi wọ́n ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Kò pẹ́ tó fi gbóná bí ààrò búrẹ́dì, ó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gun òkè. Èmi ni mo fà wọ́n kúrò. Mo ní bàbá yìí, ìwọ lo máa pa á kí àwọn tó ni ín tó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí ojú yín ṣe yọ nínú kọ̀ǹpútà báyìí, ìdérí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn. Bàbá rẹ kígbe pé wọ́n ti fi í sílẹ̀ o, wọ́n ti fi í sílẹ̀! Ó sáré yí tábìlì kékeré wa ká, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ tì í. Mo ní wá wò ó, ọmọ ti dìde dúró. Ó ní òun ò lè kúrò. Mo ní wọ́n ti so okùn dúdú àti funfun mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n ṣáà máa sọ ọ́ fún òun. Mo ń sọ ọ́ náà ni o, àfi ìgbà tí àwọn ọmọdé sáré dé, tí wọ́n gé okùn, tí Saikal wá gbé ẹsẹ̀, ẹkún gbà mí lẹ́nu, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ló bá ń pariwo lẹ́yìn ibẹ̀ pé ṣé ó ti rìn, ṣé ó ti rìn? Ariwo yẹn ni ìyàwó rẹ gbọ́ tó rò pé ó ń jà.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, Kunduz yà wá, ó ní àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń wí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní oògùn kan ni àwọn tó ṣe é máa ń fi ránṣẹ́ sí i kí olè má bàa wọ inú rẹ̀. Mo ní ṣé olè, pẹ̀lú ajá wa yìí? Bàbá rẹ bi í pé ta ló wá dì í mú lónìí tí kò ṣubú. Kunduz rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí n fún òun lómi.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn bàbá rẹ kò ti nà mọ́. Bó ṣe ń rìn, wàá rò pé abẹ́rẹ́ ló ń wá nílẹ̀. Síbẹ̀, orí ilé màlúù ń jò, ni mo bá sọ fún un pé bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí kò tíì tún un ṣe, àtìlẹ́yìn tèmi náà parí. Ó bi mí pé nọ́ńbà kélòó wá ni òun.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ yìí, ti ìpara ẹ̀yìn, àti ti irin tí wọ́n fi ń de ìdérí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà ti là díẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò lè jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ gbé ọmọ wá. Gbogbo abúlé ló ti gbọ́ bí Saikal ṣe rìn, bàbá rẹ nìkan tó wà níbẹ̀ ni kò rí i. Ó ti fi irun àgùntàn hun okùn dúdú àti funfun mìíràn. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n ń gé e fọ́mọ. Ó ṣáà ń hun ún lọ.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Saikal yá, kí ó gbé e dé ibi ayọ̀. Ẹ ó rìn ire, ẹ ó bá wa láyé.

Èmi ìyá rẹ,
Burmakan

Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé òun kò bínú nítorí ọ̀dùnkún. Ó bínú díẹ̀.