Ohùn Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Ọ̀wàrà 1988

Akọ̀wé wá láti Èbúté Mẹ́ta ní àárọ̀ yìí. Àbúrò ọkọ mi ni. Christopher ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1949 tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Kò jókòó. Ó yí ọkọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka kan ìpẹtà ara rẹ̀, ó ní: "Ìyàwó wa, ọkọ̀ tí kò rìn, irin lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì fi irin sílẹ̀ fún yín."

Ohun tí ẹbí fẹnu kò sí nìyí: bí n kò bá gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kí ó tó di ìpàdé ẹbí, ní Àbámẹ́ta ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, Akọ̀wé yóò mú ọkọ̀ náà lọ tà. Ilé, wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi láìjiyàn. Ọkọ̀ ni ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀.

Ford Capri pupa, sílíńdà mẹ́fà. Bàbá Beulah, ọkọ mi, ni ó rà á ní 1976. Orogún ni mo ń pè é — nínú ìwé yìí nìkan. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ọkọ mi, ìyàwó kan ṣoṣo ni ó fẹ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ gbogbo Àbámẹ́ta, ẹni tí ó ń fi aṣọ funfun nù lára kì í ṣe èmi. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì tí ọkọ mi ti ṣaláìsí. Wọ́n wá fẹ́ ṣú Orogún lópó báyìí. Èmi, kò sẹ́ni tó bi mí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí Akọ̀wé lọ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Ọ̀wàrà

Ẹ̀fọn ti dínkù gan-an lọ́dún yìí. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ní kí wọ́n fa Orogún lọ sọ́dọ̀ Dàda ní Mushin, mo sì bá a lọ. Òun ni mẹkáníìkì Bàbá Beulah láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú páìpù èéfín tí ó ti lu jálajàla. Èyí tí ọkọ mi ránṣẹ́ rà láti ìlú òyìnbó ni. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán.

Eré sísá kò kàn mí. Ohùn ni. Ohùn méjì ni ó máa ń jáde lẹ́nu páìpù yẹn: ọ̀kan nípọn nísàlẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín lókè rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń súfèé láàárín eyín. Bí ó bá ti yà sí àdúgbò wa báyìí ni mo ti ń gbọ́ ọ. N ó gbé omi ẹ̀bà kaná. Ọdún mọ́kànlá. — N kò sọ èyí fún Dàda. Mo ní: "Kí ó máa dún bí ó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, kí èéfín rẹ̀ sì mọ́ tó kí àwọn VIO lè fọwọ́ sí i."

Ó ní kò le. Pé òun lè yá sàlẹ́ńsà, àgbá tó ń pa ariwo páìpù, lára ọkọ̀ oníbàárà kan. Kí a fi ṣe àyẹ̀wò, kí a tú u ní ọjọ́ kejì. "Gbogbo Mushin ló ń ṣe é, Màmá." Mo sọ fún un pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gba bébà lọ́wọ́ àwọn tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó tó, Màmá. Ojúlówó la ó ṣe."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Ọ̀wàrà

Dàda gbé Orogún wá. Páìpù tuntun, irin tí kì í dípẹtà, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́; sàlẹ́ńsà méjì lára rẹ̀. Ó ti tún kabúrétọ̀ tò kí ó má baà máa mu epo jù, nítorí ibẹ̀ ni èéfín dúdú ti ń wá. Iṣẹ́ mímọ́. Ó tẹ iná mọ́ ọn.

Ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ti òkè kò jáde.

"Màmá, ó ń kọrin! Ẹ tẹ́tí." Mo tẹ́tí. Mo ní iṣẹ́ kù. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. — N kì í yin iṣẹ́ tí kò tíì parí. Àwọn tí mo kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Kẹ́tù gbẹ lórí iná. Lucy, ayálégbé mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ni ó sáré jáde láti yàrá rẹ̀ wá pa iná. Kẹ́tù tó ń súfèé ni wọ́n pè é nígbà tí mo rà á. Wọn kì í ṣe nǹkan tó dára mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Orin kò dùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tó ń gbé ohùn òkè kàn ń la ẹnu lásán. Lucy náà — ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n inú ọ̀fun ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Mo bá a wí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Dàda yọ sàlẹ́ńsà kan. Ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ sí i. Ti òkè, rárá. Mo ní kí ó yọ èkejì pẹ̀lú, kí ó fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Ó wò mí. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

Ó dá mi lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Ọ̀wàrà

Àmúdàtù, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Beulah, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ òfuurufú lẹ rà ni? Adìẹ mi tó sàba, ó ti sá fi ẹyin sílẹ̀." Mo dá a lóhùn pé ọkọ̀ náà kò tíì ní ohùn. Ó pàtẹ́wọ́, ó lọ. Arankàn ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Ọ̀wàrà

Àyẹ̀wò. Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé ni orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi áńkáṣíìfù funfun bo ẹnu páìpù, ó ní kí Dàda tẹ̀ ẹ́. Áńkáṣíìfù náà mọ́ bí ó ṣe wà. Ó gbé e sókè fún àwọn tó wà lórí ìlà: "Ẹ wò ó! Èéfín yìí mọ́ ju ti sítóòfù ilé mi lọ." Inú mi dùn.

Ìgbà tí Dàda tẹ̀ ẹ́ rinlẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni náà ju áńkáṣíìfù sílẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Àmọ́ Màmá, ta lẹ fẹ́ jí nínú sàréè? N kò lè fọwọ́ sí ariwo yìí." Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kò tilẹ̀ dún tó. Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Òun kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò mí.

Tírélà kan ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. N kò mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ki fèrè bọ ẹnu. Mo rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Gbogbo ènìyàn yíjú. Dàda fà mí ní apá kúrò lójú ọ̀nà.

N kò gbọ́ fèrè kankan.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo bu omi sí kẹ́tù, mo gbé e kaná, mo jókòó tì í. Ooru jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ga bí okùn funfun. Mo ń wò ó. Ilé pa lọ́lọ́. Lucy sáré wọlé: "Mà! Kẹ́tù!"

Mo ní kí ó jókòó. Mo sọ fún un pé n kò gbọ́ ọ. Òun nìkan ni n ó sọ fún. Mo bi í bóyá ọkọ̀ náà súfèé ní ọjọ́ kọkànlá, nígbà tí Dàda kọ́kọ́ gbé e dé. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ó súfèé, Mà. Mo gbọ́ ọ láti yàrá. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Ọ̀wàrà

Ẹ̀fọn kò dínkù. Apá mi jẹ́rìí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ní kí Dàda dá sàlẹ́ńsà méjèèjì padà sí ààyè wọn. "Iṣẹ́ rẹ ti pé láti ọjọ́ kìíní. Má bínú." N kò ṣàlàyé, kò sì béèrè. Ó kàn ní: "Màmá, mo rò pé ẹ ń dán mi wò ni." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní máàkì rẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Ọ̀wàrà

Áńkáṣíìfù mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé kò di etí. Ó fọwọ́ sí i. Ìwé wà nínú Bíbélì mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Ọ̀wàrà

Dókítà. Ọjọ́ orí ni, ó ní. Àwọn ohùn tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Wọn kì í padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Ọ̀wàrà

Èmi ni mo wa Orogún lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Lucy jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ó lè máa bá mi gbọ́ fèrè àwọn ẹlòmíràn.

Kí a tó dúró, Akọ̀wé ti wà lójú títì, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lásán. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ní kí ó sọ ọ́ sókè. "Ìyàwó wa, láti ìkóríta ni mo ti gbọ́ ọ. Súfèé yẹn. Mo ti dìde kí n tó rántí. Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀." Ó yíjú kúrò, ó nu ojú. Mo na ìwé àyẹ̀wò sí i. Kò gbà á. Ó ní ìpàdé ti parí, kí n wọlé wá jẹun.

Ohun tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, òun ni ó gbọ́ ọ. N kò bá a jowú. Àbúrò ọkọ mi ni.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a dé Ìpọ̀nrí, ọ̀nà dá. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìdarí ọkọ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi; ìyẹn ṣì kù fún mi. Mo bi Lucy bóyá ó ń gbọ́ ọ.

"Mo ń gbọ́ ọ, Mà. Ó ń súfèé."

Mo ní kí ó sọ fún mi bí ó bá dákẹ́.